Ẹ Bi Bàbá Onífèrè: "Jáàsì lọmọ mi ń gbọ́ lóru, ẹ̀rù sì ń bà mí"

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló jẹ ojú ewé tán, kí àwọn méjì yòókù foríjì mí.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Onífèrè, ẹ kú iṣẹ́ o. Opó ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ìkéré níbí. Táyọ̀, ọmọ mi ọkùnrin, parí yunifásítì lọ́dún tó kọjá, ó ṣì wà nílé pẹ̀lú mi, ó ń wáṣẹ́. Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná dé, orin kan ló máa ń fi sí i nínú yàrá rẹ̀. Fèrè ni, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Àfi tó bá di ibì kan tí ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ, pẹ̀lú ohùn wúwo, bí ẹni ń pọfọ̀. Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, ìlù ò ní lọ dáadáa mọ́, á kàn máa kù bí àrá òkèèrè, fèrè á sì máa sunkún lórí rẹ̀. Mo bi í pé orin kí lèyí, ó ní, "Màámi, jáàsì ni." Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní jáàsì. Aládùúgbò mi ti ní kí n tètè mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Mo yọjú wo fóònù rẹ̀ nígbà tó sùn, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni A Love Supreme, John Coltrane. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?

Ìyá Táyọ̀, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ìyá Táyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì mú ọmọ lọ síbì kankan. Owó mọ́tò tí ẹ fẹ́ fi lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ẹ fi ra iṣu, kí ẹ gúnyán fún un. Ẹni tó bá ń jókòó ti àwo yẹn lálaalẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ebi á máa pa á.

Orúkọ ló kó yín sí wàhálà. Láyé tèmi, tí ẹnì kan bá ní "jáàsì", ìlù òyìnbó tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù tí wọ́n tún ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ́ olórin ló ń sọ, jáàsì dírọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń lù ú nínú ẹgbẹ́ wa, Jáàsì la pè é títí ó fi kú, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àfi ìgbà tí a dé ibi òkú. Bí àwọn ọmọ ṣe wá sọ ọ́ di orúkọ oògùn, èmi ò bá wọn dé ibẹ̀. Èyí tí Táyọ̀ ń gbọ́, orin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni, ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ pe ońdè.

Ẹni tó fọn fèrè náà, ọdún 1926 ni wọ́n bí i, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hamlet ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ọmọ ilé ìjọsìn ni. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ àti bàbá tó bí ìyá rẹ̀, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Télọ̀ ni bàbá tó bí i lọ́mọ, ọmọ ọdún 12 ni Coltrane nígbà tí bàbá náà kú. Ìgbà tó dàgbà tó ń fọn fèrè kiri, ọtí àti heroin, oògùn olóró, gbé e mì. Ó burú débi pé Miles Davis, ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́, lé e nínú ẹgbẹ́ ní 1957. Ọdún yẹn náà ló jáwọ́ nínú méjèèjì, ó sì ní Ọlọ́run ló gba òun. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé oògùn ni ẹ ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, oògùn tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwo tí ọmọ yín ń gbọ́ ni ọpẹ́ tí ọkùnrin náà dá nígbà tó bọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, 9 oṣù Kejìlá 1964, ní ilé ìgbohùn kan ní Englewood Cliffs, New Jersey, tí òrùlé onípákó rẹ̀ ga fíofío bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 lọ. Mo mọ pásítọ̀ tí kò tíì ka ẹsẹ Bíbélì tán láàárín àkókò yẹn.

Ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n. Coltrane ló ń fọn sáksófóònù tẹ́nọ̀. McCoy Tyner wà nídìí dùrù. Jimmy Garrison gbá báàsì onígi mọ́ra, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, ó ń fìka ta okùn rẹ̀. Elvin Jones ló ń lùlù. Ẹ ó ní báwo ni ẹni mẹ́rin ṣe ń pariwo bí ogún ènìyàn, Elvin Jones ni kí ẹ bi. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú àti àwọn yòókù á di ilẹ̀ mú fún un. Lọ́dọ̀ Elvin, gúdúgúdú náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan ń di ilẹ̀ mú, ọwọ́ kejì ń dá Coltrane lóhùn, ẹsẹ̀ ń bá dùrù jiyàn. Ìjiyàn yẹn lẹ ń gbọ́ láti yàrá yín.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ wá kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, agogo ńlá kan á dún, fèrè á kí ilé ní ṣókí, lẹ́yìn náà báàsì á mú ohùn mẹ́rin kan, á máa tún un pa, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Ẹ ó rò pé ó kàn ń di ilẹ̀ mú ni. Tó bá yá, fèrè á gba ohùn mẹ́rin náà lẹ́nu rẹ̀, á gbé e gba orí gbogbo kíì méjèèjìlá tí orin lè jókòó lé, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò. Ó ṣe èyí tán kó tó gbé fèrè kúrò lẹ́nu, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde: a love supreme. Ẹ kà á lórí ìka yín: a, love, su, preme. Mẹ́rin. Báàsì ti ń wí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a ò gbọ́.

Ìfẹ́ tó ju gbogbo ìfẹ́ lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìfẹ́ Ọlọ́run ló sì ń sọ. Ó kọ lẹ́tà sínú páálí àwo náà fún ẹni tó bá rà á, ìyìn Ọlọ́run ló sì fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ọ̀hún. Apá mẹ́rin ni orin náà pín sí. Tí mo bá máa túmọ̀ orúkọ wọn, màá pè wọ́n ní Ìjẹ́wọ́, Ìpinnu, Ìlépa, àti Sáàmù. Sáàmù ni mo wí, Ìyá Táyọ̀. (Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí àwọn kan ń fi Sáàmù ṣe nílẹ̀ wa, pẹ̀lú omi àti àbẹ́là.)

Apá Sáàmù yẹn gan-an ni ẹ ní ó ń sunkún, òun náà ni mo tìtorí rẹ̀ mú lẹ́tà yín láàárín gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì mi.

Ní 1979, mò ń fọn sáksófóònù áátò nínú ẹgbẹ́ háíláìfù kan tó ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú Adó níbí. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìjigbò. Wọ́n gbé àgùnbánirọ̀ kan wá sínú ọgbà wa, ọmọ tó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, gírámófóònù ló gbé dání dípò àpótí aṣọ. Alẹ́ ọjọ́ kan ló fi àwo yìí sí i. Mo fara dà á títí dé apá ìkẹyìn, mo wá ní, "Ọ̀rẹ́, onífèrè yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí orin." Kò bá mi jiyàn. Ó ṣí páálí àwo náà, ó fi ewì kan tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ hàn mí, Coltrane fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní kí n fi ìka sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì dá abẹ́rẹ́ padà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọnù láàárín ìlà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi àti fèrè jọ dé Àmín lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ìwé ló ń kà, Ìyá Táyọ̀. Ẹkún kọ́. Sílébù kan, ohùn kan, láti òkè ewì títí dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọ "Ọlọ́run, a dúpẹ́" sí ní èdè wọn, tó sì pọ̀ nínú ewì náà, ẹ ó gbọ́ tí fèrè á rọra balẹ̀, bí ẹni kúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlù ò fi lè máa lọ geere lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń pe oríkì bàbá yín, ṣé ẹ máa ń lu "ọ̀kan-èjì, ọ̀kan-èjì" sí i? Ẹ ó kàn máa kù lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi mí ni. Ohun tí Elvin Jones ń ṣe nìyẹn.

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé òyìnbó ò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bíi tiwa, ọkùnrin yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ wá ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á gbà. Àwa tí ọ̀rọ̀ wa ti ní orin nínú kó tó kan fèrè, orin ìfẹ́ tí olówó fi ń jó la ń fọn kiri òtẹ́ẹ̀lì.

Ìyá mi kú ní 1988. A ń sìnkú ní abúlé, àwọn olórin ti wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé fèrè, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo dúró lẹ́bàá ibojì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn oríkì rẹ̀. Mi ò fọn orin kankan mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ nìkan, ní ohùn Èkìtì tiwa tó jẹ́ "ulé" là ń pe ilé, bí òun ṣe máa ń pè é fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti dà lórí rú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Kò gbọ́ òyìnbó, kò gbọ́ orúkọ Coltrane rí. Mo fọn dé àárín, ó na ọ̀pá sí mi: "Ìwọ, o fo ti bàbá rẹ̀ àgbà. Padà lọ mú un."

Lóòótọ́ ni mo fò ó. Mo padà lọ mú un.

Ẹ wá rò ó wò bóyá ibi tí Coltrane ti ń wá nǹkan kò sún mọ́ ilé ju bí aládùúgbò yín ṣe rò lọ. Ọmọ Yorùbá kan wà ní New York nígbà náà, Babatunde Olatunji, onílù, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry. Coltrane fi orúkọ rẹ̀ sọ orin kan, "Tunji", ní 1962. Ìgbà tí Olatunji dá ilé àṣà Áfríkà sílẹ̀ ní Harlem, Coltrane wà lára àwọn tó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti ṣeré ní 23 oṣù Kẹrin 1967, eré ìkẹyìn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nìyẹn. Oṣù Keje ọdún náà ló kú, ọmọ 40 ọdún. Lónìí, ìjọ kan wà ní San Francisco tó ń fi orúkọ rẹ̀ jọ́sìn, wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún èmi ọmọ Áńgílíkà, àmọ́ ẹ lè sọ ọ́ fún aládùúgbò yín.

Ohun tí màá bẹ̀ yín sí ni pé ní alẹ́ ọ̀la, kí ẹ kan ilẹ̀kùn Táyọ̀, kí ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ ní kó wá ewì inú páálí àwo náà jáde lórí fóònù rẹ̀, kó kà á fún yín ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tó wá fi apá kẹrin sí i. Ìṣẹ́jú méje ni. Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹta, eré àsápajúdé ni ìyẹn, kò tíì dùn mọ́ èmi náà nínú títí dòní. Wọ́n tún ṣe orin yìí kan náà lójú agbo ní Seattle ní 1965, ó pamọ́ títí di 2021 kó tó jáde. Àwọn onífèrè ti pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́, ó sì gùn ju wákàtí kan lọ. Tó bá jẹ́ èyí ni Táyọ̀ bá fi sí i láago kan òru, ẹ pè mí, èmi àti yín la jọ ń lọ sọ́dọ̀ wòlíì.

Nípa ti ariwo, ibẹ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn aládùúgbò. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kó ki nǹkan bọ etí.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, Lagos àti Amẹ́ríkà lẹ máa ń sọ ṣáá. Àwa tí a wà ní Ìkọ̀lé níbí, ṣé onífèrè gidi kankan ti tibí jáde rí ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ẹnu rẹ mú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Orlando Julius, Ìkọ̀lé níbẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1943. Àwo rẹ̀ Super Afro Soul jáde ní 1966. Ó da háíláìfù wa pọ̀ mọ́ orin sóòlù Amẹ́ríkà kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ pé ohun kan ń jẹ́ Afrobeat. Ó gbé Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó kú ní 2022. Tirẹ̀ kì í ṣe orin ẹni mẹ́rin tí wọ́n ń jókòó ronú sí, o ò ní lè jókòó gan-an. Lọ wá a gbọ́ lónìí, kí o wá bi àwọn àgbà àdúgbò rẹ ilé tí wọ́n bí i sí, kí o kọ̀wé sọ fún mi.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Èmi ni mò ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, fèrè mi ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ láàárín orin, àwọn ọmọ akọrin ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti pààrọ̀ rídì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n tà á ni?

Onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Má tà á. Ọyẹ́ ń gbẹ ètè, kí ló máa ṣe rídì tó jẹ́ igi esùsú pẹlẹbẹ lásán? Ẹnu rẹ̀ ti ká kò, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí gíláàsì tí o bá ti lò ó tán, má fi í sílẹ̀ lẹ́nu fèrè títí di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ 3 ni wọ́n tà fún ọ, lọ ra 2 tàbí 2½, èyí tó le ń mú kí ènìyàn fi eyín há a mọ́lẹ̀, èyí sì máa ń mú kó ké.

Tí kò bá jẹ́ rídì, páàdì ni, ìyẹn ohun tó ń dí ihò fèrè. Dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú, pa iná yàrá, sọ tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú fèrè, kí o pa gbogbo ihò rẹ̀ dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá lọ. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ọ́, mo ti rí onífèrè tó lẹ ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Gbé e wá fún mi ní Adó ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀sán ló dáa. Kí o sì mú uṣu dání, ìyàwó mi ní ti ọjà ti gbówó lórí.